LUTH, Kílíníkì Àdúgbò, Àbí Ilé Aṣaralóge: Níbo Ni Ká Gbé Eyín Wa Lọ L'Ékòó?

Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí irin eyín nílùú Èkó. Dókítà kọ́ ni mí. Èmi ni mò ń fọ irin tí dókítà bá lò tán, tí mò ń dì í sínú àpò, tí mò ń kó o sínú ẹ̀rọ, tí mò sì ń gbé e jáde fún ẹni tó kàn. Nítorí náà, bí àwọn ará àdúgbò wa ní Ṣómólú bá bi mí pé, "Àǹtí, akokoro fẹ́ pa mí, ibo ló dáa kí n lọ?", ibi tí ojú mi ń lọ yàtọ̀ sí ibi tí ojú wọn ń lọ. Wọ́n á ní ibẹ̀ mọ́, táìlì funfun ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ọmọbìnrin tó wà níwájú mọ èèyàn kí. Èmi á ní: irin tí wọ́n fẹ́ kì bọ̀ yín lẹ́nu ńkọ́, inú kí ni wọ́n ti yọ ọ́?

Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ fi ṣe ìfiwéra yìí nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwa ará Èkó ń gbà wá ìtọ́jú eyín: àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, kílíníkì aládàáni tó wà káàkiri àdúgbò, àti àwọn ibi tí kì í ṣe ilé ìwòsàn rárá, tí wọ́n ti ń pa èjí, tí wọ́n ti ń bó eyín kó lè funfun, tí wọ́n sì ń lẹ òkúta dídán mọ́ ọn. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú méjì àkọ́kọ́, mo sì ti rí ohun tí ẹ̀kẹta ń tì wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́dún tó kọjá, eyín ńlá kan lẹ́yìn ẹnu màmá mi bà jẹ́. Èmi àti wọn la jọ wá ibi tí a máa lọ, torí náà mo ti mọ bó ṣe ń rí lójú ẹni tó mú ìyá rẹ̀ dání, tí kò sì fẹ́ ṣìnà.

Irin ni kó ṣíwájú

Kò sí bí dókítà ṣe máa ṣiṣẹ́ eyín tí irin rẹ̀ kò ní kan itọ́, ẹ̀jẹ̀ náà kì í sì í jìnnà. Kòkòrò tó ń fa mẹ́dọ̀wú oríṣi B (àìsàn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B) lè wà láàyè lára irin tàbí lórí tábìlì fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Ojú ò rí i, imú ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn kan ṣì gbà pé tí wọ́n bá ti se irin nínú omi híhó, ó parí. Kò parí. Omi híhó kò kọjá 100°C, àwọn kòkòrò kan sì wà tó máa ń fi èèpo líle bo ara wọn, tí omi híhó ò ní rí nǹkan kan fi wọ́n ṣe. Rírẹ irin sínú omi Dettol tàbí Izal láàárín aláìsàn kan sí èkejì náà kò tó.

Ọ́tókíléèfù ni ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ rò ó bí ìkòkò pirẹ́ṣọ̀ tí a fi ń se ṣàkì: wọ́n há oru omi mọ́ inú rẹ̀ débi pé ooru rẹ̀ kọjá ti omi híhó lọ fíìfíì. Ó gbọ́dọ̀ dé 121°C kó sì dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, tàbí kó dé 134°C fún ìṣẹ́jú 3. A kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú yẹn látìgbà tí a tẹ bọ́tìnì o, ìgbà tí ooru bá dé ojú ìwọ̀n la tó ń kà á. Kí irin tó wọ ibẹ̀, a ti gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí tí ẹ̀jẹ̀ kankan ò fi ní ṣẹ́kù ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ máa ń bo kòkòrò mọ́lẹ̀ kí ooru má baà rí i mú. Lẹ́yìn náà la óò wá dì í sínú àpò tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ pépà, tí ojú kejì jẹ́ ọ̀rá. Àmì kékeré kan wà lára àpò yẹn tó máa ń yí àwọ̀ padà bí ooru bá ti kàn án. A ó sì kọ ọjọ́ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí nìyí: dókítà tàbí nọ́ọ̀sì gbé àpò náà wá ní dídì, ó ya á níwájú yín, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ báyìí pé ṣàààà, irin bọ́ sórí àwo. Abẹ́rẹ́ tó máa mú ojú ibẹ̀ kú náà, níwájú yín ni kí wọ́n ti tú u, ìgò oògùn kékeré tó wà nínú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àjẹkù ẹlòmíì. Bí irin bá ti wà nílẹ̀ lórí àwo kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ bèèrè. Kò sí àrífín nínú "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi ṣí tuntun?" Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Mo ti bá èyí tó dúpẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń lu eyín, èyí tó máa ń dún ṣíìì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń tàn wá. Wọ́n á ti fi ọtí nù ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún kì í bọ ẹnu ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yẹn lè fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ sínú ara rẹ̀ nígbà tó bá ń dúró. Òun náà gbọ́dọ̀ wọ ọ́tókíléèfù lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kílíníkì tó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo, tí aláìsàn 10 sì ń wọlé lóòjọ́, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀.

L'Ékòó níbí, ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀sán Sátidé kan, èèyàn 6 wà níta, wọ́n gbé iná nígbà tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ooru. Dísẹ́ẹ̀lì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ láti àná. Ọ̀gá ní kí n yọ irin náà, kí n fi sípírítì nù ún, káwọn èèyàn má baà lọ síbòmíì. Mo yọ àpò náà, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ni, àmì ara rẹ̀ kò tíì yí padà. Ọmọ ọdún 22 ni mí nígbà náà, owó ilé wà lọ́rùn mi. Mo gbé àwo náà wọlé. Obìnrin kan tó wọ àǹkárá aláwọ̀ ewé ló jókòó sórí àga, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mo ti bẹ Ọlọ́run lórí obìnrin yẹn títí, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ibikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ bi wọ́n: "Bí wọ́n bá gbé iná nígbà tí irin wà nínú ẹ̀rọ, kí lẹ máa ń ṣe?" Ìdáhùn kan ló tọ̀nà: a máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ní irin púpọ̀ tí wọ́n ti fi ọ́tókíléèfù sè kalẹ̀ láti àárọ̀, iná ò lè fi ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ́tókíléèfù tí wọ́n ń gbé ka iná gáàsì náà wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì pé bí wọ́n bá ń wo ojú ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa.

Ilé ìwòsàn ìjọba: ìdúró pẹ́, ojú tó ń wò yín pọ̀

LUTH tó wà ní Ìdí-Àràbà ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ rántí. Ibẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ eyín ti Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ṣẹ́. LASUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, wà ní Ìkẹjà fún àwọn ará apá ibẹ̀. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dàn, lẹ́bàá Màrínà, èyí tó ti wà láti ọdún 1893, tó sì ní ẹ̀ka eyín.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ló máa fi ẹnu àwọn kọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kàn yín. Ṣùgbọ́n kò ní dá ṣe é. Olùkọ́ rẹ̀ máa wò ó kó tó bẹ̀rẹ̀, á wò ó láàárín iṣẹ́, á tún wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tú eyín tó ti dí tán, kó tún un dí látìbẹ̀rẹ̀, torí pé etí rẹ̀ kò dọ́gba. Ní kílíníkì aládàáni tí dókítà kan ṣoṣo wà, ta ni yóò sọ fún un pé kó tún un ṣe?

Èkejì ni pé gbogbo ẹ̀ka ló wà lábẹ́ òrùlé kan. Oníṣẹ́ abẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, oníṣẹ́ èrìgì wà níbẹ̀, ẹni tó ń wo eyín ọmọdé wà níbẹ̀, dókítà ọkàn àti dókítà ẹ̀jẹ̀ kò sì jìnnà. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tí ọ̀kadà fọ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹni tí eyín ọgbọ́n rẹ̀ dùbúlẹ̀ sínú egungun: ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ó ń kù síbẹ̀ ni àsìkò. Ẹ̀ ń gba káàdì, ẹ̀ ń lọ sanwó ní fèrèsé kan, ẹ̀ ń gbé rìsíìtì padà, ẹ̀ ń dúró, wọ́n tún ní kẹ́ ẹ lọ ya àwòrán eyín ní ilé kejì. Ìgbà mìíràn ìyanṣẹ́lódì á dé, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì lè lọ lórí eyín kan. Bí ẹ bá ń ta ọjà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ tètè dé, kí aago méje àárọ̀ tó lù, kẹ́ ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí ebi àti abẹ́rẹ́ pa pọ̀ máa ń dá òòyì kọ́ èèyàn.

Kílíníkì aládàáni: ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ. Èyí tó dáa jù l'Ékòó wà láàárín wọn, èyí tó burú náà wà láàárín wọn, ìlẹ̀kùn méjèèjì sì lè jọra. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì tí èmi àti màmá mi wọ̀ hàn yín.

Èkíní wà ní apá Ṣúrúlérè. Gíláàsì ni ìlẹ̀kùn rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lára ògiri, wọ́n fún màmá mi ní omi tútù. Wọ́n kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, nọ́ńbà fóònù wọn. Wọn ò bi wọ́n léèrè àìsàn kankan. Dókítà wọlé, ó wo ẹnu wọn, ó ní àwọn máa yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e, ó sọ̀rọ̀ tán, ó tì í sápò, ó sì na ọwọ́ kan náà sí ẹnu màmá mi. Mo wo àwo. Irin 5 wà níbẹ̀ lórí tówẹ́lì aláwọ̀ búlúù, kò sí àpò, kò sí ọjọ́. Mo fọwọ́ kan èjìká màmá mi, mo ní, "Màmá, ẹ dìde." A dúpẹ́ fún omi náà, a jáde.

Èkejì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, orí ṣọ́ọ̀bù oògùn, kò jìnnà sílé wa. Àga aláìsàn ibẹ̀ ti gbó, wọ́n fi téèpù lẹ ibi tó ya. Mo rí i, kò dùn mọ́ mi, torí kòkòrò máa ń sá sínú awọ tó bá ya. Mo sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì náà fi ọ̀rá tuntun hàn mí, ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ń pààrọ̀ rẹ̀ fún, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ lójú mi. Kí wọ́n tó jẹ́ kí màmá mi jókòó, wọ́n ti bi wọ́n ní ìbéèrè tó kún ojú ewé kan: ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà, ikọ́ fée, oògùn wo lẹ̀ ń lò, oògùn wo ni kì í bá yín lára mu, ṣé wọ́n ti yọ eyín yín rí, ṣé ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Lẹ́yìn náà wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó jẹ́ 186/112.

Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni 30 ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ní, "Màmá, mi ò ní yọ eyín yìí lónìí. Ẹ̀jẹ̀ yín ga jù."

Màmá mi ní, "Mo ti jẹun wá. Mo ti múra tán. Yọ ọ́ fún mi, jàre."

"Mo gbọ́ yín, Mà. Bí mo bá yọ ọ́ báyìí, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, ọkàn yín náà lè dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní oògùn ìrora, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà yín fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kẹ́ ẹ padà wá."

Inú bí màmá mi títí a fi délé. Wọ́n ní ọmọ kékeré ni, kò mọṣẹ́ ni kò jẹ́ kó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi ní tèmi, mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ la máa padà sí. Nínú iṣẹ́ wa, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 180/110, a kì í yọ eyín tí kò bá jẹ́ pàjáwìrì, a máa ń ní kí ẹni náà lọ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ná. Dókítà tó kọ owó sílẹ̀ lórí ìlànà yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò sì wà níbẹ̀ tó máa bi í, mo lè gbé ẹnu màmá mi lé e lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí 148/88. Wọ́n ya àpò níwájú wa, eyín náà jáde láìpé ìṣẹ́jú 20, wọ́n fún màmá mi ní òwú kí wọ́n máa gé e mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30.

Ìyàtọ̀ ibi méjèèjì kò sí nínú owó. Wọn ò ju ara wọn lọ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé ara ògiri ńkọ́? Ẹ wò ó, ó ṣe pàtàkì. Méjì ni kẹ́ ẹ wá. Èkíní ni ti HEFAMAA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀ tó sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Òfin àtúnṣe ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 2006 ló gbé e kalẹ̀. Ẹ wo ọdún tó wà lára rẹ̀, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Mo ti rí èyí tí oòrùn ti pa kú lára ògiri, tí ọdún ara rẹ̀ ti di ìtàn. Èkejì ni ti dókítà fúnra rẹ̀: ìwé àṣẹ ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ gbogbo oníṣègùn àti dókítà eyín Nàìjíríà sílẹ̀. BDS tàbí BChD ni oyè dókítà eyín nílẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ mọ̀ pé gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun ní kílíníkì eyín kọ́ ló jẹ́ dókítà. Tẹkinọ́lọ́jíìsì ló ń mọ eyín àtọwọ́dá nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Tẹrapíìsì ń fọ eyín, ó sì ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ méjèèjì, mo sì ní ọ̀rẹ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mọ eyín àtọwọ́dá kò gbọ́dọ̀ gún yín lábẹ́rẹ́ kó sì yọ eyín yín. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́nu yín léèrè orúkọ rẹ̀ àti ohun tó kọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìwé nìkan kò tó, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ní kí n fi sípírítì nu irin, ìwé wà lára ògiri níbẹ̀.

Àwòrán eyín náà wà lára ohun tí mo fi ń yan ibi. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú iṣan inú eyín láìya àwòrán rẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ibi tí gbòǹgbò dé. Ibi tí kò bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ lè kọ̀wé kẹ́ ẹ lọ yà á níbòmíràn. Ìyẹn kò burú.

Nípa owó: ẹ má ṣe bèèrè iye tí wọ́n ń yọ eyín nìkan. Ẹ bèèrè iye gbogbo rẹ̀, àti àwòrán, àti abẹ́rẹ́, àti oògùn, àti ìgbà tẹ́ ẹ máa padà wá kí wọ́n wo ojú ibẹ̀. Bí ẹ bá wà lábẹ́ Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀, tàbí HMO (ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera) ti ibi iṣẹ́ yín, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ bèèrè ohun tí ètò yín gbà nípa eyín àti kílíníkì tó wà lórí àkọsílẹ̀ wọn. Owó tó bá sì kéré débi tó yani lẹ́nu, ẹ rántí pé àpò ń ná wọn lówó, ìbọ̀wọ́ ń ná wọn lówó, dísẹ́ẹ̀lì ń ná wọn lówó. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti yọ kúrò.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń ṣe, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é. Mo máa ń pe nọ́ńbà kílíníkì náà ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí n tó lọ síbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín, alẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ èèyàn lẹ́nu, ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún sì ni ìrora burúkú lè bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò náà bá ṣí kúrò. Ẹni tí kò gbé fóònù nígbà tí mò ń wá ìtọ́jú kò ní gbé e nígbà tí ẹnu mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Kílíníkì orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn fún màmá mi ní ìwé kékeré kan lédè Yorùbá: ẹ má fi omi ṣan ẹnu títí wákàtí 24, ẹ má fi ahọ́n tọ ibẹ̀, ẹ má mu nǹkan gbígbóná lónìí, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Màmá mi fi í sínú Bíbélì wọn.

Ibi aṣaralóge: èyí tí mi ò ní bá yín yàn

Mo fẹ́ràn èjí. Ìyá bàbá mi ní i, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìdí tí ọmọbìnrin fi ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èjí tí wọ́n fi ayùn pa fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ha awọ líle tó dáàbò bo eyín méjèèjì kúrò, awọ yẹn kì í sì í hù padà láyé. Mo ti gbé àwo fún dókítà nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọdún 19 kan tí omi tútù ò ṣeé mu fún mọ́. Ibi tí èjí rẹ̀ wà ti dúdú, akokoro ti wọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nínú ilé ìtajà ìṣaralóge kan ni wọ́n ti pa á fún un, ó ní irin tí wọ́n fi ṣe ti ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe tirẹ̀.

Tí a bá gbé ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ LUTH tàbí kílíníkì àdúgbò, kò sí ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Kò sí ọ́tókíléèfù. Kò sí ìwé HEFAMAA fún ìtọ́jú eyín. Kò sẹ́ni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀. Bí ara bá kọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún, kò sí oògùn tó máa gba ẹ̀mí là. Oògùn tí wọ́n fi ń sọ eyín di funfun, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin, ọwọ́ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ eyín nìkan ló wà. Níbí, ẹni tó ń lẹ irun ojú náà ló ń fi í sí èèyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ èjí tàbí eyín funfun, ẹ gbé e lọ bá dókítà eyín. Ó lè sọ pé kò ṣeé ṣe fún eyín tiyín. Ẹ gbọ́ ọ.

Àwọn tó ń yọ "kòkòrò" jáde nínú eyín lọ́jà náà wà nínú ìsọ̀rí yìí. Kò sí kòkòrò tó ń rìn nínú eyín. Bakitéríà tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ṣúgà, tí oró rẹ̀ sì ń lu eyín. Ohun funfun tí wọ́n fi hàn yín lórí òwú, àwọn ló mú un wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ásípíírìnì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ eyín: iná ló ń dá sí èrìgì, mo ti rí èrìgì tó bó funfun bí awọ ẹja tí wọ́n bọ̀.

Ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe ìfiwéra

Bí eyín bá ń dun yín lásán, ẹ ní àyè láti bèèrè gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí wíwú náà le bíi pákó, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, tí ẹnu kò yà mọ́, tí itọ́ ń dà nítorí pé kò ṣeé gbé mì, tàbí tí ahọ́n ti gbé sókè tí ohùn sì yí padà, ẹ má lọ wá kílíníkì kankan. Ẹ má ra Flagyl ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ sì sùn lé e. Wíwú yẹn lè dí ọ̀nà èémí pa láàárín òru kan. Ẹ gbé ẹni náà jókòó, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ mú gbogbo oògùn tó ń lò dání nínú ọ̀rá kan, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì LUTH tàbí LASUTH, èyí tó bá sún mọ́ yín jù, ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má sọ pé "eyín ló ń dùn ún." Ẹ sọ pé, "Kò lè gbé itọ́ mì."